Àkàbà Olókùn: Bí Pílọ́ọ̀tì Ṣe Ń Gun Ọkọ̀ Òkun, àti Ohun Tó Kàn Wá Níbẹ̀ ní Kaduna

(Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ohùn mẹ́fà ni. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún àwọn tí dátà wọn kò gbà, àti àwọn tí ariwo ọjà kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn dáadáa.)

OHÙN KÌÍNÍ

Ìbéèrè kan ti wà nílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa yìí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì ti ṣèlérí pé màá dáhùn. Màmá wa kan tó ń ta abọ́ àti kúlà ní Central Market ló béèrè. Wọ́n ní ajẹ́ńtì sọ fún àwọn pé ọkọ̀ tó gbé kọ̀ǹtéénà àwọn ti dé Èkó, àmọ́ pé ojú òkun ló ṣì wà, ó ń dúró de pílọ́ọ̀tì. Màmá wá ní, "Ọkọ̀ tó ti China wá, tó la gbogbo òkun já, ṣé ẹnu ilẹ̀kùn ló wá ṣìnà sí ni?" Ẹnì kan tún dá sí i pé pílọ́ọ̀tì tí òun mọ̀, ti ọkọ̀ òfuurufú ni.

Ìbéèrè gidi ni o. Kí n tó wá máa ta táyà níhìn-ín, mo ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ kékeré tó máa ń gbé àwọn pílọ́ọ̀tì lọ bá ọkọ̀ ńlá l'Ékòó. Èmi kì í ṣe pílọ́ọ̀tì. Èmi ni mo máa ń dúró níwájú ọkọ̀ kékeré yẹn, tí ọwọ́ mi á wà lára pílọ́ọ̀tì títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi kúrò lọ́dọ̀ wa, tí á bọ́ sórí àkàbà. Ibi tí mo ti máa sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ẹ wò ó báyìí. Dírẹ́bà trailer tó kó ẹrù láti Èkó mọ ọ̀nà dé Kaduna bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀. Àmọ́ tó bá dé ìsàlẹ̀ ọjà, kò mọ èwo nínú àwọn ọ̀nà tóóró yẹn ni kòtò wà, èwo ni wọ́n ti pàtẹ sí, èwo ni wáyà iná ti já wálẹ̀. Ọmọ ìyá wa kan ló máa ń sọ̀ kalẹ̀, tá máa rìn níwájú, tá máa ju ọwọ́: "Máa bọ̀, máa bọ̀, ó tó!" Iṣẹ́ tí pílọ́ọ̀tì ọkọ̀ òkun ń ṣe nìyẹn. Kápútẹ́nì ló ni ọkọ̀, pílọ́ọ̀tì ló mọ ẹnu ọ̀nà: ibi tí iyanrìn ti kó jọ, ibi tí omi ti ń fà, bí ọkọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ yà kó tó dé Àpápá tàbí Tin Can.

Ẹnu ọ̀nà Èkó kò sì rọrùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Láyé àwọn bàbá ńlá wa, òkìtì iyanrìn wà lábẹ́ omi níbẹ̀, ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé. Ìta ni wọ́n ń dúró sí, ọkọ̀ kéékèèké á lọ kó ẹrù. Àwọn èrò gan-an, inú àpótí ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á fi okùn gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré bí ẹni ń gbé àpò sìmẹ́ńtì. "Mammy chair" ni wọ́n ń pè é. Ìgbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá kó òkúta láti Àrò l'Ábẹ́òkúta, tí rélùwéè ń gbé e wá, tí wọ́n fi mọ ògiri gígùn wọ inú òkun, tí wọ́n sì ń gbẹ́ iyanrìn, ni ọ̀nà tó là. Títí di òní ni wọ́n ṣì ń gbẹ́ iyanrìn yẹn. Ìdí nìyẹn tí òfin fi sọ ọ́ di dandan pé pílọ́ọ̀tì ló gbọ́dọ̀ mú ọkọ̀ ńlá wọ èbúté Èkó. Nigerian Ports Authority, ìyẹn NPA, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní April 1955, ló ń bójú tó iṣẹ́ pílọ́ọ̀tì.

Ó dáa. Pílọ́ọ̀tì wà ní ilẹ̀, ọkọ̀ wà lójú òkun. Báwo ni wọ́n ṣe ń pàdé? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

OHÙN KEJÌ

Ẹ ṣé tí ẹ dúró. Àwọn kan máa rò pé ọkọ̀ ńlá á dúró jẹ́ẹ́, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn, pílọ́ọ̀tì á wọlé bí ẹni wọ bọ́ọ̀sì ní Kawo. Rárá o.

Ọkọ̀ òkun kì í sábà dúró fún pílọ́ọ̀tì. Tó bá dúró pátápátá, kò ní gbọ́ràn sí ìdarí mọ́, ìgbì á máa tì í bó ṣe wù ú. Nítorí náà, á rọra máa lọ, bíi kílómítà 10 sí 15 láàárín wákàtí kan. Kápútẹ́nì á yí ọkọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè dí atẹ́gùn àti ìgbì lọ́nà, bí ìgbà tí èèyàn fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri nítorí ọyẹ́. Ẹ̀gbẹ́ tí omi ti rọ̀ díẹ̀ yẹn ni wọ́n á ju àkàbà sí.

Àkàbà yẹn kì í ṣe irin. Àkàbà olókùn ni, igi ni wọ́n fi ṣe ibi àtẹ̀sí rẹ̀. Ó kàn rọ̀ sára ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ tiwa á wá sún mọ́ ọn, àwọn méjèèjì á jọ máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìgbì á gbé tiwa sókè, á tún jù ú sílẹ̀. Nígbà mìíràn, ohun tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ ìgbì yẹn lè ga ju èèyàn lọ.

Pílọ́ọ̀tì á dúró níwájú, á máa ka ìgbì. Ìgbà tí ọkọ̀ wa bá gòkè dé òpin, ìgbà yẹn gan-an ló máa bọ́ sórí àkàbà. Kì í ṣe ìgbà tó ń lọ sókè, kì í ṣe ìgbà tó ti ń bọ̀ nílẹ̀. Kí ló fà á? Tó bá gun àkàbà nígbà tí ọkọ̀ wa wà nísàlẹ̀, ìgbì tó ń bọ̀ lè gbé ọkọ̀ wa bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè, kó sì fún un mọ́ ara ọkọ̀ ńlá. Irin méjì, èèyàn láàárín. Nítorí náà, tó bá ti gun un, kò gbọ́dọ̀ dúró wẹ̀yìn. Á gun òkè kíákíá, àwa náà á yà kúrò lábẹ́ rẹ̀ bí dírẹ́bà wa bá ti rí i pé ó ti di àkàbà mú dáadáa. Tó bá já bọ́, ó sàn kó bọ́ sínú omi ju kó bọ́ sórí irin ọkọ̀ wa lọ.

Ẹ má gbàgbé pé wọ́n ń ṣe é ní òru. Wọ́n ń ṣe é nínú òjò oṣù July. Wọ́n ń ṣe é nígbà ọyẹ́, tí ojú ọjọ́ kò mọ́lẹ̀ rárá. Àwọn pílọ́ọ̀tì tí mo bá ṣiṣẹ́, òmíràn lè gun ọkọ̀ mẹ́ta lójúmọ́, kó sì tún sọ̀ kalẹ̀ nínú mẹ́ta mìíràn tó ń jáde lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ọdún kan.

OHÙN KẸTA

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àkàbà yẹn fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ikú tàbí ìyè wà.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí abúlé, ẹ rántí bàbá adẹ́mu. Kó tó gun ọ̀pẹ, á mú igbà rẹ̀, á fà á, á yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á wo ibi tí wọ́n ti so ó. Kì í ṣe pé ó ń bẹ̀rù. Ó mọ̀ pé lókè ọ̀pẹ, igbà nìkan ló kù láàárín òun àti ilẹ̀. Pílọ́ọ̀tì náà nìyẹn.

Òfin kan wà tí gbogbo àgbáyé jọ fọwọ́ sí lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun. SOLAS ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ Titanic rì lọ́dún 1912 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, lọ́dún 1914. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí jẹ́ ti 1974, wọ́n sì máa ń tún un ṣe. Orí karùn-ún rẹ̀, òfin kẹtàlélógún, ló sọ̀rọ̀ lórí bí pílọ́ọ̀tì ṣe gbọ́dọ̀ gun ọkọ̀. Èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní July 1, 2012. Àjọ IMO, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní London, ló ń bójú tó o.

Ẹ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Igi àtẹ̀sí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ igi líle. Mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, rọ́bà ni wọ́n lè fi ṣe é, torí pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ kékeré ti máa ń kàn án. Láti orí àtẹ̀sí kan sí èkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 310 sí 350, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà kan. Ààyè tó wà láàárín okùn ọ̀tún àti ti òsì kò gbọ́dọ̀ dín sí mìlímítà 400. Okùn ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín ju mìlímítà 18 lọ, ó sì gbọ́dọ̀ lè gbé ìwúwo tó ju tọ́ọ̀nù 2 lọ kó tó já.

Ní àárín-àárín, igi gígùn kan máa ń wà tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tó gùn tó mítà 1.8 ó kéré tán. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò ní jẹ́ kí àkàbà yí padà. Àkàbà olókùn tó bá yí padà, ẹ̀yìn pílọ́ọ̀tì ló máa kan ara ọkọ̀, ojú rẹ̀ á sì kọjú sí òkun. Èyí tó wà nísàlẹ̀ jù nínú àwọn igi gígùn yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ àtẹ̀sí karùn-ún láti ìsàlẹ̀.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ sí náà wà. Kò gbọ́dọ̀ sí kókó lára okùn. Wọn kò gbọ́dọ̀ kun igi àtẹ̀sí ní ọ̀dà, torí ọ̀dà máa ń yọ̀, ó sì máa ń bo ibi tó ti là mọ́lẹ̀. Wọn kò gbọ́dọ̀ so àkàbà mọ́ irin ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ibi tó lágbára lórí ọkọ̀ ni kí wọ́n so ó mọ́. Kò gbọ́dọ̀ sí níbi tí ọkọ̀ ti ń da omi ìdọ̀tí sí òkun. Okùn tí wọ́n fi ń fa àkàbà sókè kò gbọ́dọ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, kó má bàa há mọ́ ọkọ̀ kékeré, kó sì fa àkàbà àti pílọ́ọ̀tì lọ.

Lókè, ọ̀gá kan nínú òṣìṣẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú walkie-talkie, kó lè bá kápútẹ́nì sọ̀rọ̀. Òrùka amúniléfòó tó ní iná gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Iná gbọ́dọ̀ tàn sórí àkàbà àti sórí omi. Irin ìdìmú méjì gbọ́dọ̀ wà níbi tí pílọ́ọ̀tì ti máa fò wọ inú ọkọ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ro pé ó ti parí, tí ọwọ́ á yọ̀.

OHÙN KẸRIN

Ìbéèrè kan wọlé lórí ohùn kẹta: "Tí ọkọ̀ bá ga jù ńkọ́?" Ó ṣe pàtàkì, torí ọkọ̀ tó ń kó kọ̀ǹtéénà wa lóde òní ti di òkè. Àwọn tó ń dé Lekki Deep Sea Port, tí wọ́n ṣí ní January 2023, tóbi ju àwọn tí mo bá pàdé lọ.

Òfin sọ pé pílọ́ọ̀tì kò gbọ́dọ̀ gun àkàbà olókùn ju mítà 9 lọ, ìyẹn nǹkan bí ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà. Tí ọkọ̀ bá ga jù bẹ́ẹ̀ láti ojú omi, àkàbà méjì ni wọ́n máa so pọ̀. Èkíní ni àkàbà irin tó dàbí àtẹ̀gùn ilé, tó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, tó dojú ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Kò gbọ́dọ̀ dagun ju dígírì 45 lọ. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, pèpéle kékeré kan wà. Pèpéle yẹn gbọ́dọ̀ ga tó mítà 5 sí omi. Àkàbà olókùn á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á sì ga kọjá pèpéle náà ní mítà 2, kí pílọ́ọ̀tì lè ní ohun tó máa dì mú nígbà tó bá ń yà láti ara okùn sórí irin. Wọ́n gbọ́dọ̀ so méjèèjì mọ́ ara ọkọ̀ kí wọ́n má máa fì.

Irú kan tún wà tí pèpéle yẹn ní ihò láàárín, tí pílọ́ọ̀tì máa gba inú ihò náà gòkè. Nínú irú èyí náà, òfin ní àkàbà olókùn gbọ́dọ̀ la ihò náà kọjá sókè. Àmọ́ àwọn ọkọ̀ kan wà tí wọ́n kàn fi àkàbà kọ́ sí abẹ́ pèpéle. Tí pílọ́ọ̀tì bá dé òkè àkàbà, kò sí ohun tó máa dì mú mọ́. Á fi ọwọ́ tó ti rẹ̀ fa ara rẹ̀ gba inú ihò.

Ní December 30, 2019, pílọ́ọ̀tì kan ní New York, tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, já bọ́ níbi tó ti ń gun ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń jẹ́ Maersk Kensington, ó sì kú. Pèpéle oníhò ni ọkọ̀ yẹn lò. Àwọn ẹgbẹ́ pílọ́ọ̀tì Amẹ́ríkà gbé ohùn sókè gidi lórí irú ètò bẹ́ẹ̀. Kò tó ọdún kan, ní August 2020, pílọ́ọ̀tì mìíràn ní èbúté kan náà tún já bọ́ lára àkàbà, òun náà kú. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọmọdé lẹ́nu iṣẹ́ o. Ìmọ̀ kò lè di okùn tó ti jẹrà mú.

Ẹgbẹ́ àwọn pílọ́ọ̀tì lágbàáyé, IMPA, máa ń ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ju ọkọ̀ kan lọ nínú mẹ́wàá ni ètò àkàbà rẹ̀ kì í bá òfin mu. Nítorí náà ni IMO tún fi ṣe àtúnṣe òfin ní June 2025, tó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2028. Nínú rẹ̀ ni pé àkàbà máa ní ọjọ́ orí. Tó bá ti pé, wọ́n á yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kódà kó máa dán lójú. Okùn kì í fi ọjọ́ orí rẹ̀ hàn lójú, inú ló ti máa ń jẹrà.

OHÙN KARÙN-ÚN

Kí ni wọ́n wá ń kọ́ pílọ́ọ̀tì? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jẹ́ ọ̀gá lórí ọkọ̀ òkun kí wọ́n tó di pílọ́ọ̀tì. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ojú omi gba ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Oron, ní Akwa Ibom kọjá, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1977. Lọ́dún 2003, IMO gbé ìwé ìmọ̀ràn kan jáde, A.960, lórí ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí tó yẹ pílọ́ọ̀tì. Wọ́n ń kọ́ wọn ní ọ̀nà omi, ní afẹ́fẹ́, ní èdè tí wọ́n á fi bá kápútẹ́nì sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ̀kọ́ àkàbà, ọ̀tọ̀ ni. Màá ka ohun tí mo rí tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ wọn létí.

Èkíní, wíwò ṣáájú gígùn. Ọkọ̀ wa kò ní sún mọ́ ọkọ̀ ńlá láì kọ́kọ́ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí pílọ́ọ̀tì tan iná sára àkàbà, kó wò ó: ṣé ó gún? Ṣé ó fara ti ọkọ̀? Ṣé àtẹ̀sí kankan ti wọ́? Ṣé ó ga ju ojú omi lọ bó ṣe yẹ? Tó bá ti dé ìdí rẹ̀, á fi ọwọ́ fà á pẹ̀lú agbára kó tó fi ara lé e.

Èkejì, ibi tí ọwọ́ ń dì mú. Okùn ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń di mú, kì í ṣe igi àtẹ̀sí. Igi lè yọ̀, igi lè kán, àmọ́ tí ọwọ́ bá wà lára okùn, èèyàn ṣì rọ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣófo. Báàgì pílọ́ọ̀tì, okùn ni wọ́n á fi fà á lọ sókè lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí fóònù lọ́wọ́. Kò sí aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Bàtà tó máa ń di ilẹ̀ mú, àti jákẹ́ẹ̀tì tó máa ń wú fúnra rẹ̀ tó bá kan omi, tó ní iná lára.

Ẹ̀kẹrin, bíbọ́ sínú omi. Wọ́n ń kọ́ ọ o! Wọ́n á ju èèyàn sínú omi tòun ti aṣọ, kó lè mọ bó ṣe ń rí, kó má bàa jẹ́ ọjọ́ tó bọ́ gan-an ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Àwa òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kékeré náà ń kọ́ bí a ṣe máa fà á jáde: ẹnì kan á máa nàka sí i láìgbé ojú kúrò lára rẹ̀, torí pé tí ojú bá kúrò lára orí èèyàn nínú ìgbì lẹ́ẹ̀kan péré, ó lè ṣòro láti tún rí i.

Ẹ̀karùn-ún ló tóbi jù: ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń sọ pé "Rárá." Pílọ́ọ̀tì ní ẹ̀tọ́ láti wo àkàbà kó ní, "Mi ò gùn ún. Ẹ tún un so." Mo ti wà níbẹ̀ rí nígbà tí pílọ́ọ̀tì kan sọ bẹ́ẹ̀. Kápútẹ́nì bínú, ajẹ́ńtì pè, wọ́n ní ọkọ̀ náà ti pẹ́, owó ń ṣòfò. Pílọ́ọ̀tì jókòó nínú ọkọ̀ wa, ó ń mu tíì. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, wọ́n gbé àkàbà mìíràn wá. Èyí àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n fà á sókè, a rí i pé okùn kan ti fọ́n níbi tí igi ti bò ó mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó tún bínú mọ́.

Ẹ wo ohun tí "Rárá" yẹn gbà. Kì í ṣe agbára ọwọ́. Ó gba pé kí ọ̀gá tó rán èèyàn níṣẹ́ ti ṣèlérí ṣáájú pé òun kò ní bínú sí i. Láìsí ìyẹn, ẹ̀tọ́ orí ìwé lásán ni.

OHÙN KẸFÀ

Èyí tó kẹ́yìn rèé, ẹ má jẹ́ kó sú yín.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá lọ́nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni ẹrù wa. Ẹni tó bá ń gba kọ̀ǹtéénà, ìbáà jẹ́ ní Èkó ló ti gbà á tàbí ní Kaduna Inland Dry Port tí Ààrẹ Buhari ṣí ní January 2018, ẹrù yẹn kò lè dé ọwọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan gun àkàbà olókùn lóru. Nítorí náà, tí ajẹ́ńtì bá sọ pé ojú òkun kò dára, pílọ́ọ̀tì kò tíì gun ọkọ̀, ẹ má rò pé irọ́ ni gbogbo ìgbà. Ẹ bi í léèrè orúkọ ọkọ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n retí rẹ̀, kí ẹ sì fi ọjọ́ díẹ̀ kún ìṣírò owó yín nígbà òjò. Ẹni tó bá yá owó lé ọjọ́ tí ọkọ̀ máa dé gan-an, ìgbì òkun kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà kejì ni àwa fúnra wa. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Nínú ẹgbẹ́ yìí, ta ni kò ní àkàbà ní ìsọ̀? Àkàbà tí wọ́n jó ní Panteka, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tí a fi páálí ti ìdí rẹ̀. Àkàbà onígi tí ìṣó ti yọ. Àwọn ọmọ tó ń já ẹrù lórí trailer ní Mando, tí wọ́n ń gun tapólì pẹ̀lú sílípáàsì, tí àpò wà lórí, tí fóònù wà láàárín etí àti èjìká. Ẹ rántí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọ̀kan nínú wa tó já bọ́ lórí trailer lásìkò ọdún tó kọjá. Gbogbo wa la dá owó ilé ìwòsàn. Ọmọ náà ń rìn báyìí, a dúpẹ́, àmọ́ apá rẹ̀ ọ̀tún kò gbé nǹkan mọ́. Ìyá rẹ̀ ní Ìkìrun fi í lé wa lọ́wọ́ pẹ̀lú apá méjèèjì.

Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé kò rí i pé okùn tí wọ́n fi di tapólì ti tú ni. Ó ní, "Bàbá, mo rí i. Àmọ́ ọ̀gá ní kí n tètè." Ẹ gbọ́ o. Ọmọ náà rí i. Ojú rẹ̀ ríran bíi ti pílọ́ọ̀tì. Ohun tí kò ní ni ẹnu láti sọ pé "Mi ò gùn ún." Ta ló yẹ kó fún un ní ẹnu yẹn? Àwa ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gba owó púpọ̀. Kí olúkúlùkù wa pe àwọn ọmọ ìsọ̀ rẹ̀ lọ́la, kó sọ fún wọn lójú ara wọn pé: ẹni tó bá wo àkàbà tàbí ẹrù tó ní òun kò gùn ún, mi ò ní bú u, mi ò ní yọ owó oúnjẹ rẹ̀. Kó wá sọ ohun mẹ́rin yìí fún wọn:

Wò ó kí o tó gùn ún, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí o sì fà á.

Àkàbà gbọ́dọ̀ ga kọjá ibi tí ò ń lọ, kí o lè rí ohun dì mú nígbà tí o bá ń yà. Kí wọ́n so ó mọ́ ohun tó lágbára, kí ẹnì kan sì di ìdí rẹ̀ mú.

Ọwọ́ méjèèjì wà lára àkàbà. Ẹrù ní okùn tiẹ̀, fóònù ní àpò tiẹ̀.

Má kun igi àkàbà ní ọ̀dà, má sì fi wáyà so èyí tó ti kán. Èyí tó bá ti kán, dá a sí iná ìdáná.

Bí a bá pàdé ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, mo fẹ́ kí ẹni tó ní àkàbà tí kò fọkàn tán gbé e wá, a mọ alájòórán kan ní Panteka tó máa bá wa yẹ̀ wọ́n wò ní iye tí kò wọ́n. Ẹni tó bá ní ìbéèrè lórí ọkọ̀ rẹ̀ tó wà lójú òkun, kó fi orúkọ ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí mi lọ́tọ̀, màá bá a wò ó.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ àwọn tó wà lójú omi, á sì máa ṣọ́ àwọn ọmọ wa tó wà lórí trailer.